Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Kò Wo Eérú

Ohun tó kọ́kọ́ kó mi nírìíra lára Christian ni pé kò pariwo. Ọlọ́pàá tó bá ń pariwo, a mọ bí a ṣe ń sá fún un. Ṣùgbọ́n Christian bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà mi, ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè orúnkún tó ń dùn mí, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí àna tó wá kí ni. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn tí a fi ń tu ọmọ nínú sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Laure, mi ò wá mú Thierry. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀."

Thierry ni àbúrò mi, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá mi. Ó ń fi alùpùpù gbé èrò káàkiri ìlú Ṣábẹ̀, iṣẹ́ tí à ń pè ní zémíjàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, iná jó ilé tí Alájì Salifou ń kó kajú pamọ́ sí ní abúlé Boni, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ọ, Àbíbù, sì kú sínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí bí iná náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló gbọ́ nígbà tí Thierry àti Alájì ṣe gbólóhùn asọ̀. Thierry gbé kajú oko bàbá wa lọ fún un, Alájì ki ọwọ́ bọ inú àpò kajú náà, ó ní ó tutù, òun ò rà á. Inú bí àbúrò mi. Ó ní, "Èyí tó gbẹ tí ẹ kó jọ yẹn, iná ni yóò jó o!"

Ẹnu ló fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iná náà jó, ilé mi ni Thierry wà, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Christian. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yín. Bí ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní lè bọ̀wọ̀ fún yín mọ́."

Òtítọ́ tí mo sọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi bí irọ́ tó dára. Nígbà tó lọ tán, mo gbé àpótí tó jókòó lé síta, mo bu omi lù ú, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ irú ọgbọ́n yẹn. Ibẹ̀ ni èmi náà ti kọ́ ìwé. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, mò ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo bá pẹ́ kí n tó dé, ìyàwó ọ̀gá mi á ti ti ilẹ̀kùn, èmi àti àwọn ewúrẹ́ á jọ sùn lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná. Ìṣó kan yọ orí lára àga gbọọrọ tí mò ń jókòó lé. Ó fa aṣọ mi ya, aṣọ kan ṣoṣo tí mo ní fún ìwé kíkà, aṣọ búlúù. Mo fi òwú dúdú rán an torí mi ò ní òwú búlúù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Suzanne sì ń pè mí ní Aláṣọ-Àpá títí ọdún fi parí. Ní ìgbà òjò, omi a máa dúró lẹ́bàá ojú irin, a ó gbé bàtà lé orí sọdá. Christian kì í gbé tirẹ̀ lé orí. Ọlọ́pàá kékeré ni nígbà náà, ó ń wá ìwé ẹ̀rí tí à ń pè ní bákì, alùpùpù ló ń gùn wá. Ó máa ń kọjá lára mi nínú omi yẹn. Ó máa ń juwọ́ sí mi.

Mẹ́tìrì Hermann ló ń kọ́ wa. Ó wà lára àwọn tí ìjọba rán lọ kàwé ní Rọ́ṣíà láyé àtijọ́. Faransé ló yẹ kó kọ́ wa, ṣùgbọ́n bí epo àtùpà bá ti ń lọ sílẹ̀ tí a ò rí ojú ìwé mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn inú àwọn ìwé àtijọ́ tó kà lọ́hùn-ún fún wa. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn.

"Ti ibòmíràn a máa wá ojú ẹsẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀," Mẹ́tìrì a wí. "Ti Rọ́ṣíà kì í wo ilẹ̀. Ojú ènìyàn ló ń wò. Ó ti mọ ẹni tó ṣe é, síbẹ̀ kò mú un. Á bá a mu tíì, á bá a ṣe àwàdà, á ṣàánú rẹ̀, títí ẹni náà yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ pé èmi ni. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló ń wá fún un. Ìsinmi ọkàn ló ń wá fún un."

Christian á gbé kálàmù sílẹ̀. "Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Mo na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Mẹ́tìrì, bí kì í bá ṣe ẹni yẹn ló ṣe é ńkọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́tìrì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Laure, ìwọ tí ò ń kàwé náà ti rí i nígbà tó ń ṣe é." Mo jókòó, ìṣó yẹn sì gún mi. Láti ọjọ́ náà, ìdáhùn yẹn kò dà nínú mi.

Ní báyìí Christian ti di ọ̀gá ní kọmisaria, àgọ́ ọlọ́pàá ìlú wa, ó sì ti rí ẹni tí yóò máa bá mu tíì.

Kò fi ṣẹkẹṣẹkẹ kan Thierry. Láràárọ̀ ni yóò dúró ní oríta, á ní kí Thierry wá gbé òun. Ọkọ̀ ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, dẹ́rẹ́bà ń yán nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn alùpùpù àbúrò mi ló ń gùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká Thierry, ó ń bá a sọ̀rọ̀ sí etí. Gbogbo ìlú ló ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá dúró, á ra ẹran súyà, á gé e sí méjì, á fún Thierry ní èyí tó pọ̀. Á ní, "Jẹun, àbúrò mi. Ẹni tó ní nǹkan lọ́kàn kò gbọ́dọ̀ fi ebi kún un."

Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi ń sá fún alùpùpù Thierry. Ẹni tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń gun alùpùpù rẹ̀ kiri láìmú un, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Elvire, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fi ṣe aya, kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Okpara. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Christian wá bá Thierry kẹ́dùn. Ojú mi ló ṣe. Ó fa Thierry mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, omi sì wà lójú ọkùnrin náà, omijé gidi. Bó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè pè é. Ṣùgbọ́n ó káàánú rẹ̀ ní tòótọ́. Bí ẹni tó ń sunkún lé ẹran lórí, tí kò sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Thierry kò jẹun mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ènìyàn lè ṣe nǹkan kó má mọ̀ pé òun ṣe é?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ọ̀gá ni. Ó ní ẹni tó fi ẹnu dáná, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní òun ò bínú sí mi."

Mo pa ẹ̀rọ dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Boni. Kò sí ohun tó ṣòro láti rí níbẹ̀. Koríko ti jó láti etí odò títí dé ẹ̀yìn ilé kajú náà, ilẹ̀ dúdú gbọọrọ kan. Níwájú ilé, níbi tí ilẹ̀kùn wà, koríko ṣì dúró. Inú igbó ni iná náà ti wá. Àwọn ọmọkùnrin abúlé a máa finá sí igbó láti lé ọ̀yà jáde nígbà ọyẹ́, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ìyá kan tó ń ṣa kajú sọ fún mi láìgbé orí sókè pé, "A mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni wọ́n. Ìwọ náà, bó bá jẹ́ tìrẹ ni, ṣé wà á sọ?"

Kọmisaria ni mo gbà lọ.

Christian fún mi ní àga, ó pàṣẹ kí wọ́n gbé omi tútù wá. Mi ò mu ún. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Mo ní, "Christian, ṣé o ti dé ẹ̀yìn ilé yẹn rí? Ṣé o ti wo eérú ibẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, eérú kì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ rántí Mẹ́tìrì?"

"Mo rántí. Mo rántí ju ìwọ lọ. Nínú ìtàn Mẹ́tìrì, ẹni tó kọ ìwé ti kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sí ọwọ́ ọkùnrin yẹn, gbogbo wa sì rí i, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wọlé wá máa rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tó fi lè jókòó mu tíì. Wọ́n ti bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló kọ ìbẹ̀rẹ̀ ti Thierry fún ẹ? Ta ló rí i?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ló rọra mú ọwọ́ mi lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn lọ́fínńdà.

"Ẹ ẹ̀ mọ bí yóò ṣe tù ú lára tó, ẹ̀gbọ́n. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́. Mo ti bá Bàbá Òkìkíọlá sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ó jọ lọ bẹ Alájì. Èmi náà á wà níbẹ̀, fún àlàáfíà."

Mo fa ọwọ́ mi jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi tó ń lọ.

Bàbá Òkìkíọlá ni àbúrò bàbá wa, òun ni olórí ìdílé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọdé kì í bá àgbà rojọ́ lórí ìdúró. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láàrin wọn, ọmọdé á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, á ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí." Àgbà á ní, "Dìde." Ìgbà náà la ó tó gbọ́ ẹjọ́. Ìbáà jẹ́ àgbà náà ló ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọdé náà kò mọ nǹkan kan, á kọ́kọ́ sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń di "mo jẹ̀bi" yẹn mú. Ó dà bí ẹni tó bọ́ fìlà ni. Ọmọ Bessé ni Christian. Bàbá rẹ̀ náà ti na ẹgba sí i nídìí kí ó lè mọ̀ ọ́n sọ. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ó sì mọ̀ pé lójú adájọ́, ìjẹ́wọ́ ni yóò jẹ́.

Mo sáré lọ bá Bàbá Òkìkíọlá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́. Pàkúté ni."

"Kí ọmọ wa dúró gbagidi lójú Alájì? Kí wọ́n ní a ò kọ́ ọ nílé?" Inú bàbá dùn débi pé ó ti sá aṣọ ńlá rẹ̀ sóòrùn. "Christian gbìyànjú. Ọlọ́pàá mìíràn ì bá ti lù ú."

Mo bá Thierry fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò sùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n sinmi."

Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ Mẹ́tìrì Hermann, láti ẹnu àbúrò mi tí kò jókòó ní kíláàsì yẹn rí.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alájì Salifou jókòó lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ní Boni. Samiratou, ọmọ olóògbé Àbíbù, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà. Christian fara ti ògiri, ọlọ́pàá méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan gbé tẹlifóònù sókè, ó ti ń ya fídíò wa kí a tó kí ara wa tán. Bàbá Òkìkíọlá kó ìdílé wá, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ìbátan, gbogbo wọn nínú aṣọ tó mọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ oko, wọ́n sọ̀rọ̀ ọyẹ́. Lẹ́yìn náà bàbá na ọwọ́ sí Thierry.

"Ọmọ, ó yá."

Thierry bọ́ bàtà. Mo rí ọrùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rí Christian náà. Ó ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ kún fún ìfẹ́ bí ojú ìyá tó ń wo ọmọ tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ojú yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dúró mọ́. Èmi, tí mi ò sọ̀rọ̀ láàrin àgbà rí láyé mi, mo jáde láàrin àwọn obìnrin, mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú Thierry.

"Alájì, èmi Laure, mo jẹ̀bi. Ẹ foríjì mí."

"Laure!" ni Bàbá Òkìkíọlá ké. "Kí lò ń ṣe?"

"Bàbá, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ṣé ọmọ kan ló ń dá bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ìdílé rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe kọ́ wa?"

Mo mọ̀ pé kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó di igi máńgòrò mú, ó sì rọra lọ sílẹ̀, eegun rẹ̀ ń dún. "Òótọ́ ló sọ. Alájì, gbogbo wa la jẹ̀bi." Bí bàbá ti wólẹ̀, ta ni yóò dúró? Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. "Mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí. A jẹ̀bi, Alájì." Ohùn Thierry wà láàrin rẹ̀ níbì kan. Èmi gan-an ò lè sọ èwo ni tirẹ̀.

Ọlọ́pàá tó gbé tẹlifóònù yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ọ̀gá, ṣé kí n gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀?"

Samiratou pòṣé. "Ẹ mú gbogbo wọn, kí ló kù? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá arúgbó yẹn. Òun tí kò lè dìde láìdi igi mú, òun ló sáré wá dáná sun bàbá mi!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájì Salifou gbé ọwọ́ sókè. Ọkùnrin líle ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde. Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti pe ọmọ yín sí kọ̀rọ̀ kí n tó sọ pé kajú rẹ̀ tutù." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó náà ti jẹ̀bi, lójú tẹlifóònù ìjọba.

Wọ́n dìde, wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀. Samiratou kọjú sí Christian. "Ọ̀gá, bàbá mi ló kú. Ṣé ẹ ti dé ẹ̀yìn ilé tó kú sí?"

Christian kọjú sí ọlọ́pàá tó gbé tẹlifóònù, ó ní kó gbé e sílẹ̀. Samiratou yí padà, ó gba ọ̀nà odò lọ wo ilẹ̀ jíjóná náà fúnra rẹ̀, Alájì tẹ̀ lé e.

Mo rò pé ojú yóò ti Christian. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu orúnkún, ẹ̀rín kò tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣe dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìsinmi ni ẹ gbà lọ́wọ́ Thierry yẹn. Kò burú. Yóò wá bá mi fúnra rẹ̀. Mo ní sùúrù."

Mo tutọ́ sílẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀. Ó wo itọ́ náà, ó wò mí, ó mi orí bí ẹni tó ti forí jì mí. Kò sí ohun tó kó mi nírìíra tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Thierry gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, a gba ọ̀nà ilé. A kò tíì dé ìgboro nígbà tó dúró lójijì lẹ́bàá títì, tó pa ẹ́ńjìnnì. Kò yí ojú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i."

"Kí lo rí?"

"Ọwọ́ mi. Pẹ̀lú ìṣáná. Mo máa ń rí i báyìí, ó hàn kedere."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo yípo wá sí iwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ alùpùpù náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Sọ ìrọ̀lẹ́ yẹn fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o wọlé."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́."

"Mo wá sọ́dọ̀ yín. Okùn ẹ̀rọ yín ti já. Mo bá yín so ó." Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. "Mo jẹ àkàsà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ẹja. Ẹja díndín. Ẹ ní kí n má jẹ orí rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́."

"Lẹ́yìn náà?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo jáde."

"O ò jáde."

"Mo jáde, ẹ̀gbọ́n, mo gba ọ̀nà Boni..."

"O sùn. Orí ẹní, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ò ń hanrun débi pé mi ò lè ka iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ mi wọ aṣọ. Òtútù ọyẹ́ dé, mo fi ìró mi bò ẹ́."

Ó gbé ojú sókè. "Ẹ fi ìró bò mí?"

"Èyí tó ní ewé."

"Mi ò mọ̀."

"O ti sùn. Báwo ni wà á ṣe mọ̀?"

Ọkọ̀ ńlá kan tó kó òwú kọjá, ó da eruku lù wá. Ọkùnrin kan ti wọ inú orí àbúrò mi pẹ̀lú ìfẹ́ àti ẹran súyà, ó ti kó ìrọ̀lẹ́ ọ̀dọ̀ mi jáde níbẹ̀, ó sì ti gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Kò sí òfin tí mo mọ̀ tí mo lè fi pè é lẹ́jọ́.

"Tún un sọ," mo wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo wá sọ́dọ̀ yín," Thierry bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ẹja, ó sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo bi í. Nígbà tó dé ibi ẹní, ó tún dúró. Mo di irin alùpùpù náà mú, mo sì ń dúró dè é kó sọ fúnra rẹ̀ pé òun sùn.